Kọ̀ǹgọ́ Tí Kì í Dé Oṣù Kẹwàá

Bí ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìlù báńdì kì í jẹ́ kí etí sinmi ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Àmọ́ kí ó tó di ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún yan fún àyájọ́ òmìnira, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹgọ́ tẹ́nọ̀ ti kán, tàbí kí orí wọn ti yọ. Àwọn òbí ni yóò tún dáwó.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ tó ń lùlù. Ti ẹni tó lọ ra kọ̀ǹgọ́ ni. Owó fìlà àti ìbọ̀wọ́ funfun kì í nira fún àwọn alábòójútó báńdì, ṣùgbọ́n bó bá kan kọ̀ǹgọ́, èyí tó pọ́ọ́kú jù ni wọ́n ń mú. Ó yani lẹ́nu ní ilẹ̀ tó mọ ìlù bí Òkè-Ògùn. Kọ̀ǹgọ́ onídùndún tẹ̀ lọ́rùn, kò sì wúlò fún tẹ́nọ̀, síbẹ̀ ọgbọ́n inú rẹ̀ wúlò: ojú ìlù ló ń sọ irú igi tí yóò bá a mu.

Ojú tẹ́nọ̀ òde òní kì í ṣe awọ mọ́, ike ni. Ọdún 1957 ni Remo Belli dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹgọ́ tí orí rẹ̀ jẹ́ irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra a máa dún dẹ̀ẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n etí irin ìlù yóò ha á tán. Orí oníke tàbí rọ́bà ń pẹ́ jù ú lọ, ìró rẹ̀ sì ń dé òkèèrè ní pápá. Bó bá wá le jù, yóò tẹ ojú ìlù wọnú. Rọ́bà tó le níwọ̀nba ló yẹ ọmọ ilé ìwé.

Igi rẹ̀ ńkọ́? Kí ìlà ara igi gùn gbọọrọ láti ìdí dé orí. Ibi tí ìlà bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò ti kán. Kí wọ́n yí i lórí tábìlì: èyí tó bá ń fò ti wọ́. Kí wọ́n sì wo bí orí ṣe so mọ́ igi, nítorí ọyẹ́ a máa gbẹ igi débi tí gọ́ọ̀mù nìkan kò fi ní lè di orí mú. Kápẹ́ńtà àdúgbò lè fi igi tuntun sí orí tó ṣì dára. Àyin, tí àwọn àgbẹ̀ ń fi ṣe ẹ̀rúkọ́, kò ní kán bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo. Kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ọwọ́ ọmọ má baà kú.

Ìdánrawò ló sì ń pa kọ̀ǹgọ́, kì í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ. Ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń yan kí wọ́n tó túká. Ilé ìwé tó bá ra méjì-méjì fún onítẹ́nọ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi ti àtijọ́ dánra wò, kí ó sì tọ́jú tuntun sínú àpò títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà.