Ojú Àlejò ní Kútọnù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti Òṣogbo tàbí Iléṣà lọ sí Kútọnù fún ìgbà èkíní, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń sọ bí ó bá padà dé: pé ìlú náà kò létò. A kò bá wọn jiyàn. Ní ọdún 2012, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, a tẹ̀lé ìyá wa lọ ra aṣọ ní ọjà Dantokpa, ojú wa sì rí nǹkan. Alùpùpù pọ̀ lójú títì bí eéṣú. Wọ́n ń gba ọ̀tún, wọ́n ń gba òsì, èéfín wọn kò jẹ́ kí a mí. Wọ́n to epo mọ́tò sínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni pàtẹ epo pupa. Ilẹ̀ wa ni ọ̀pọ̀ epo náà sì ti ń wá, kí a má purọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá wa kò fòyà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, nínú ìran àwọn òṣómàáló, àwọn tí ń kiri aṣọ láwìn, tí wọn yóò sì wà lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi pé. Ó ní, "Ọmọ mi, wo nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀ kí o tó gùn ún." Lóòótọ́, àwọn zemidjan, bí wọ́n ti ń pe àwọn ọlọ́kadà níbẹ̀, wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ètò wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó mọ ibi tí yóò wò. Nínú ọjà, Yorùbá ni ìyá wa àti ìyá aláṣọ fi kí ara wọn. Nígbà tí ó kan iye owó sẹ́fà, Faransé ni ìyá wa fi kà á, èyí tí kò kọ́ ní kíláàsì kankan.

Ìgbà tí a ń bọ̀ wálé ni ọ̀ràn kọjá ohun tí ọgbọ́n ọjà lè yanjú. Ẹnìkan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ na ìwé kan sí wa, ó ní kí a sanwó. Faransé ni a fi kọ ọ́. Ọkọ̀ kún, olùkọ́ méjì wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè ka ìlà kan. A sanwó. Títí di òní, a kò mọ ohun tí a san án fún.

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fi àyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà láti wọ ilẹ̀ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá pé. Mélòó nínú àwọn oníṣòwò wa ni ó mọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ń jẹ́ Dahomey títí di 1975, kì í ṣe òkèèrè; ìlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ni ó ya Kétu kúrò lára wa.

Ní 1996, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì. Ìkéde kò nira. Ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ní Òṣogbo àti ní Iléṣà ni ó ní olùkọ́ Faransé kan ṣoṣo? Abúlé Ẹ̀kọ́ Faransé wà ní Àgbádárìgì, lójú ọ̀nà kan náà tí àwọn ìyá wa ń gbà lọ ra ọjà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí àwọn olùdíje bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n pé olùkọ́ mélòó ni wọn yóò rán lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìjọba: ẹni tí ó bá gbọ́ díẹ̀ nínú yín lè kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń ka owó ní Faransé, àti bí a ti ń béèrè pé, "Kí ni owó yìí wà fún?"