Ọdẹ́gbàmí: Ẹsẹ̀ Tó Di Gègé

Ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ gègé rẹ̀ ni.

Ti ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọmọ Wásinmi ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni, Jos ló dàgbà sí, Ìbàdàn ló ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976, nígbà tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gba irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní góòlù 3 sí òdo. Òun nìkan ló jẹ méjì nínú rẹ̀. A kò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ìgbó-Ọrà tó gbọ́ ọ lórí rédíò ṣì ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. Ernest Okonkwo, ọ̀gá àwọn tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ló fún un lórúkọ "Mathematical", àfi bí ẹni ń ṣe ìṣirò kí ó tó gbá a. Nígbà tí Zamalek ti Íjíbítì borí Shooting Stars ní àṣekágbá 1984, ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá jókòó kí ó máa jẹ orúkọ. Òun mú gègé. Ó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn The Guardian ti Èkó lọ́jọ́ Sátidé, kò sì kọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ nǹkan. Bí àjọ bọ́ọ̀lù bá ṣe ohun tí kò tọ́, ó ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbàgbé àwọn tó fi ẹsẹ̀ sin Nàìjíríà, ó ń dárúkọ wọn: Muda Lawal, tó gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà márùn-ún láti 1976 dé 1984, tó sì kú ní 1991. Ohun tó ń dun àwọn aláṣẹ ni pé wọn kò lè bi í pé, "Kí lo mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pa akọ̀ròyìn lẹ́nu mọ́. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní ìgbà 46, tó sì jẹ góòlù 23, ta ni yóò bi í bẹ́ẹ̀? (Ìbejì kan wà ní kíláàsì mi, ẹ sì mọ̀ pé ìbejì kò wọ́n wa níhìn-ín: Táíwò ń gbá bọ́ọ̀lù, Kẹ́hìndé ń fi ẹnu ròyìn rẹ̀ lẹ́bàá pápá. Ti Ọdẹ́gbàmí, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì.)

Ẹ má rò pé eré ni iṣẹ́ yìí. Ní Ghana, ní oṣù Kẹfà 2018, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn Anas Aremeyaw Anas gbé fíìmù jáde, tó fi àwọn rẹfirí hàn níbi tí wọ́n ti ń gba owó. Kwesi Nyantakyi, ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, fi ipò sílẹ̀, FIFA sì fòfin dè é. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2019, wọ́n yìnbọn pa Ahmed Hussein-Suale, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, ní Accra.

Ti Ọdẹ́gbàmí kò rí bẹ́ẹ̀, a dúpẹ́. Àga ni wọn kò fún un. Ní 2015, ó ní òun fẹ́ du ipò ààrẹ FIFA. Òfin ni pé àjọ orílẹ̀-èdè márùn-ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn olùdíje, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kẹ́dùn, èmi kò kẹ́dùn. Ọ̀gá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bínú sí mi lórí èyí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni kó máa ṣe é lọ?" Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ẹni tó bá wà lórí irú àga bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá mínísítà rẹ́rìn-ín, kí ó sì bá àwọn tó dìbò fún un jẹun. Olóyè bọ́ọ̀lù pọ̀ lọ súà. Àwọn tó ń kọ irú ìwé yẹn ni kò pọ̀.

Èyí tí mo máa ń gé pamọ́ nínú ìwé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́. Kò fi ẹnu nìkan sọ ọ́, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Wásinmi, níbi tí ìwé àti bọ́ọ̀lù ti jọ ń rìn. Ẹ̀yin òbí Ìbàràpá, láti Ìgbó-Ọrà dé Erúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Àyétẹ̀ àti Igangan, ẹ bi àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní pé wákàtí mélòó ni wọ́n fi ṣeré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi wákàtí náà ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.