Ìmọ́lẹ̀ Tó Wọlé, Ìmọ́lẹ̀ Tó Jáde

Bí iyọ̀ bá ta sínú iná gáàsì, iná náà á di pupa rúsúrúsú. Gbogbo èròjà ló ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀. Spectroscopy ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí; òun ni Bunsen àti Kirchhoff fi ṣàwárí caesium ní Jámánì ní 1860.

Òun náà ló wà nínú ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń fi há ìka wa láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún kì í gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì tó èyí tí kò ní. Ẹ̀rọ á wo iye tó wọlé, á wo iye tó jáde, á sì ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ àwa oníṣirò owó gan-an!

Ṣùgbọ́n awọ dúdú náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ó lè da ìṣirò rú. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń ní ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó, fún aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó.

Nítorí náà, bí mímí bá nira fún yín tí nọ́ńbà ń ní kò séwu, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ wò.