Irorẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí ìṣekúṣe o

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ pé tí irorẹ́ bá ti yọ sójú ọmọbìnrin, ọkùnrin ló ń rò? Mo fẹ́ rí ẹni náà. Mo mọ ọmọ ọdún 14 kan tí kì í gbójú sókè níwájú àwọn àǹtí ẹ̀ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Tí ìbàlágà bá dé, òmọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní androgen á pọ̀ sí i lára. Ọkùnrin ní i, obìnrin náà ní i. Òun ló ń mú kí àwọn àpò kéékèèké tó ń ṣe epo lábẹ́ awọ tóbi sí i, kí wọ́n sì máa tú epo jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo yẹn á pò mọ́ awọ tó ti kú, á dí ihò tí irun ń gbà jáde. Bakitéríà tó ti ń gbé lára wa tẹ́lẹ̀ á wá máa pọ̀ sí i níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú, á lè ní ọyún. Ó tán! Ẹni tó jẹ́ pé WAEC nìkan ló ń rò náà á ní i. (Ẹ̀pà náà ti jìyà lọ́wọ́ wa. Gbogbo irorẹ́, ẹ̀pà ló jẹ̀bi.)

Abẹ́ awọ lọ̀rọ̀ wà, kí wá ni kànìnkànìn fẹ́ ṣe sí i? Ẹ ń họ ojú ọmọ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ṣe ló máa burú sí i.

Àmọ́ àwọn tó ń po ìpara gan-an ni mo ń bá jà. "Ọjọ́ mẹ́ta péré, ojú á dán!" Lọ́pọ̀ ìgbà, steroid bíi clobetasol ló wà nínú ẹ̀. Òótọ́ ni, wíwú yẹn á kọ́kọ́ lọ, ojú á tún mọ́lẹ̀. Tó bá yá, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ míì á tú jáde, tí ọmọ bá sì fi í sílẹ̀, á tún le sí i. Ẹ̀ẹ̀kan sí i ni wọ́n á tún lọ rà á. Ọjà wọn nìyẹn!

Benzoyl peroxide àti adapalene ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn kì í yára: ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni. Tó bá le, dókítà awọ ni kẹ́ ẹ lọ rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, kí ló wà nínú ike yẹn? Nọ́ńbà NAFDAC ẹ̀ dà? Ẹ kọ ọ́ síbí. Mò ń dúró.