Àjò kì í dùn kónílé má relé: Ta ló ń béèrè ìgbà tí ọmọ Òjóò tó wà nílùú ọba máa dé?

Láti Òrógùn títí dé Ṣáṣá, téèyàn bá wọ ojúlé mẹ́ta ní agbègbè Òjóò n'Ìbàdàn, ó ṣòro kó má kan ọ̀kan tí wọ́n á ti sọ pé, "Ọmọ wa wà ní UK." Wọ́n á sọ ọ́ tìdùnnú-tìdùnnú, wọ́n á sì fi fọ́tò ẹ̀ hàn yín lórí fóònù: ẹ̀wù òtútù ńlá lọ́rùn, yìnyín nílẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu. Ọmọ tó kàwé nípa ìṣirò owó ni, ó gba HND tàbí dìgírì nínú Banking and Finance, ó sin ìjọba, ó wáṣẹ́ báńkì títí tí bàtà fi jẹ tán lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ló bá jápa. Ẹ bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe lọ́hùn-ún, wọ́n á ní iṣẹ́ gidi ni. Ẹ bi wọ́n pé ṣé ó ń fowó ránṣẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé o, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́.

Ká má parọ́ fúnra wa, ilé ń wu àwọn ọmọ yìí ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Ẹni tó bá ti bá wọn sọ̀rọ̀ lóru, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, mọ ohun tí wọ́n máa ń béèrè. Wọ́n á ní ṣé àwọn onímọ́tò ṣì ń pariwo "Ìwó Road, Ìwó Road" ní Òjóò? Ṣé ìyá alámàlà yẹn ṣì wà níbi tó wà? Ṣé iná wà lálẹ́ àná? Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tó wà nílé, ariwo mọ́tò àtàwọn tó ń polówó ọjà kì í jẹ́ kó sùn dáadáa, kẹ́kẹ́ tó pa mọ́ ọn lára nínú yàrá kékeré ló ń dá a lóró báyìí. Ó ń sunkún ilé, ilé ò sì pè é. Owó ni ilé ń pè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ díẹ̀, ṣebí ìṣirò lọmọ náà lọ kọ́ níléèwé. Ní April 2025, owó tó kéré jù tí òfin ìlú ọba ní kí wọ́n san nígbà náà fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 ni £12.21 fún wákàtí kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàwé lọ síbẹ̀, tó ń ṣe másítà ẹ̀ lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ tí iléèwé bá ń lọ lọ́wọ́. Ìyẹn jẹ́ £244.20 lọ́sẹ̀ kan, £976.80 lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Tí àǹtí ẹ̀ ní Òjóò bá gbọ́, ojú ẹsẹ̀ ló máa sọ ọ́ di náírà. Lọ́dún 2025 yẹn, pọ́n-ùn kan ti tó nǹkan bíi N2,000, owó náà sì di mílíọ̀nù méjì náírà ó dín díẹ̀. Nílùú tó jẹ́ pé N70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024, ta ló máa gbọ́ mílíọ̀nù méjì tí kò ní pariwo? Bẹ́ẹ̀ ni àǹtí á ní, "Kí ni N300,000 fún ẹni tó ń gba mílíọ̀nù méjì lóṣù? Ṣé òkú bàbá ò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

Ìṣirò ti àǹtí nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ti ọmọ. Ní January 2025, ìjọba Britain fúnra ẹ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbé ní London gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní £1,136 tóun á máa ná lóṣooṣù, èyí tó bá sì máa gbé ní London gbọ́dọ̀ ní £1,483. Ẹ gbé £976.80 sẹ́gbẹ̀ẹ́ £1,136, ẹ ẹ̀ rí i pé kò dé ibẹ̀? £159.20 ló fi dín, kò sì tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí Òjóò o. Pọ́n-ùn ló ń gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn náà ló fi ń ra búrẹ́dì, òun ló fi ń wọ mọ́tò, òun ló fi ń san owó ilé. Kò sí níbi tó ti ń gba pọ́n-ùn tó wá ń ná náírà.

Gbèsè tó gùn ún lórí kó tó kúrò nílé tún wà ńbẹ̀. £1,136 yẹn, oṣù mẹ́sàn-án ẹ̀ ni wọ́n ní kó kó jọ ní January 2025 yẹn, ìyẹn £10,224, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko kí wọ́n tó fún un ní físà. Ó lé ní mílíọ̀nù 20 náírà. Owó ìtọ́jú ìlera, £776 lọ́dún kan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti February 2024, wà lọ́tọ̀. Owó iléèwé ò tíì sí níbẹ̀. Àwọn kan ta ilẹ̀ bàbá wọn, àwọn kan kó àjọ ìyá wọn, àwọn míì lọ yá owó elé. Ẹni tó bá fi gbèsè wọ ọkọ̀ òfúrufú, gbèsè náà ló ń bá a sùn níbẹ̀.

Ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà. Kó tó di June 14, 2023, tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ pé kó máa wá ipò ara ẹ̀, dọ́là kan kò tó N480 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di February 2024, ó ti lé ní N1,500. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kó owó wọn jọ ní náírà, tí wọ́n fẹ́ máa san owó iléèwé díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ìyà ló tẹ̀ wọ́n. Ní May 2024, BBC gbé e jáde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tó ń kàwé ní Teesside University, nílùú Middlesbrough, ni iléèwé náà yọ orúkọ wọn torí owó tí wọn ò rí san lásìkò, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílùú wọn. Àwọn ọmọ náà jáde wọ́de níwájú iléèwé. Ìdílé mélòó nílé ló gbọ́ irú ìyẹn lẹ́nu ọmọ tiwọn? Ọ̀pọ̀ ni ò gbọ́, torí fọ́tò yìnyín ni ọmọ fi ń ránṣẹ́ síwọn.

Tó bá sì parí ìwé ẹ̀, ìrọ̀rùn ò tíì dé. Físà tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2021, ọdún méjì ni fún ẹni tó bá ṣe másítà. Ìjọba wọn ti sọ pé ẹni tó bá béèrè fún un láti January 2027, oṣù 18 péré ló máa gbà. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó gbọ́dọ̀ rí iléeṣẹ́ tó máa gbé e dúró. Láti July 22, 2025, £41,700 lọ́dún ni owó oṣù ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó, tàbí £33,400 fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti ilẹ̀kùn pé kí wọ́n má ṣe gba òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú arúgbó láti òkè òkun mọ́. Ọmọ tó bá ń ka oṣù lórí físà báyìí, tí ìyá ẹ̀ bá ní àìsàn ń ṣe òun, ẹ̀rù tíkẹ́ẹ̀tì á bà á, ẹ̀rù kí ọ̀gá má fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀ á bà á. Kò ní wá. Á fowó oògùn ránṣẹ́, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí sunkún.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ ńlá, tó lè sọ fún yín ibi tí èrè wà àti ibi tí àdánù wà, òun ló ń pa ìlédìí arúgbó dà láago mẹ́ta òru, òun ló ń ru páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí. Iṣẹ́ ò lẹ́gàn, iṣẹ́ ọwọ́ mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ pé ó ní baba, kò sẹ́ni tó máa kí i lóríkì. Òjóò nìkan ló mọ ẹni tó jẹ́. Bí Òjóò bá wá sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń pọ owó jáde, ta ló kù tó mọ̀ ọ́n?

Kì í ṣe òní lọmọ Yorùbá ti ń lọ sílùú ọba, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ láyé ọjọ́sí yàtọ̀ sí èyí. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé London ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ojú ẹ̀ rí màbo. Ọ̀pọ̀ onílé òyìnbó nígbà náà kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ní August 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright, ọmọ Sierra Leone, dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn ńbẹ̀: láti 1929 sí 1932, Ṣólańkẹ́ padà wá sí Áfíríkà, ó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọba, àwọn ìjòyè àtàwọn oníṣòwò, kí wọ́n lè fi rí ibùgbé fáwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún. Ní 1933, wọ́n ṣílé náà ní Camden, ní London. Owó ń ti ilé lọ sókè òkun nígbà yẹn, kí ara lè dẹ ọmọ.

Akíntọ́lá Williams ńkọ́? Ọdún 1944 ló lọ sílùú ọba, ìmọ̀ báńkì àti ìṣúná owó ló lọ kọ́ ní yunifásítì London, bíi tàwọn ọmọ tòní gẹ́lẹ́. Ó gboyè B.Com ní 1946, ó sì di aṣírò-owó àgbà, chartered accountant, ní 1949. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní 1950, ó ti wálé. Ní 1952, ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó. Ọmọ ọdún 104 ni nígbà tó papòdà ní September 2023, ilé ló sì kú sí.

Ọdún 1944 yẹn náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbéra n'Ìbàdàn níbí. Ó ti ṣòwò kòkó, ó ti fi mọ́tò kẹ́rù, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn rí, ó jókòó sílé kàwé títí tó fi gba B.Com ti London láìfẹsẹ̀ tẹ London. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ òfin. Ó fi ìyàwó ẹ̀, H.I.D., àtàwọn ọmọ sílé, ìyàwó ń ṣòwò, ó ń tọ́ wọn. Ní November 1946, Awólọ́wọ̀ di lọ́yà, ó sì padà s'Ìbàdàn. Ẹ lọ wo ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní Mọ́níyà, lókè Òjóò, ní June 2021, orúkọ ẹ̀ ló wà lára ẹ̀.

Àwọn kan á ní ayé ìgbà yẹn kọ́ nìyí. Òtítọ́ ni. Òyìnbó ń múra àtilọ nígbà náà, àga ṣófo ń dúró de ẹni tó bá kàwé. Àga wo ló ṣófo báyìí? Nígbà tí Soludo ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, báńkì 89 ló di 25 nígbà tí ọdún 2005 fi máa parí, àìmọye èèyàn niṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó wọlé síbẹ̀ lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ alágbàṣe ni wọ́n fi wọ́n ṣe. Ìdí nìyí tí òbí kan fi máa ń sọ pé, "Jókòó síbẹ̀ jàre, kí lo fẹ́ wá ṣe nílé?" Kì í ṣe ìkà ni ìyá náà, ìfẹ́ ọmọ ló mú un sọ ọ́. Ṣùgbọ́n etí ọmọ ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé ilé ò fẹ́ òun, àfi owó òun.

Wíwálé kò sì túmọ̀ sí pé kó wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀sẹ̀ méjì lè tó. Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ ni ìtìjú. Wọ́n mọ̀ pé báwọn bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Òjóò, ẹ̀gbọ́n á fẹ́ fóònù, àbúrò á fẹ́ bàtà, ẹgbẹ́ ìyá á fẹ́ aṣọ, alábàágbé á ní kí ni wọ́n mú bọ̀. Ẹni tí kò bá ní mílíọ̀nù mẹ́ta tó máa pín kò ní jẹ́ yọjú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ọwọ́ ara wa gbé igi dínà fọ́mọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ bi ọmọ yín ní iye tí ilé tó ń gbé ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bi í ní iye tó ń gbà níbi iṣẹ́. Bó bá fi N100,000 ránṣẹ́, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ dá àjọ ìpadàbọ̀ sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀, kó mọ̀ pé ẹ ń retí òun. Ẹ sọ fún mọ̀lẹ́bí pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ké ìbéèrè mọ́ ọn létí lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ yéé fi ẹ̀wù òtútù tẹ́ ẹ yá ya fọ́tò. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn nílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó, ẹ mọ̀ pé ìwé tí wọ́n bá fi irọ́ kọ, ọjọ́ kan ni àṣírí ẹ̀ máa tú.

Lálẹ́ òní, ẹ fi dátà tiyín pè é. Ẹ má béèrè nǹkan kan. Ẹ kàn ní, "Ọmọ mi, oṣù wo là ń retí ẹ? Bó o bá tiẹ̀ fọwọ́ òfìfo dé, ẹ̀bà ń bẹ nílé."