Ẹ Jẹ́ Kí Ó Tó

Yorùbá ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n màmá mi mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju èmi tí mo ń kọ́ òwe ní yunifásítì lọ. Nítorí pé wọ́n sanra jù, àwọn dókítà gé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àpòlúkù wọn kúrò. Òkèlè díẹ̀ ni ìyókù lè gbà. Wọn kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá yó bámúbámú: bí òsúkè bá ti mú wọn, tàbí tí àyà wọn fún pinpin, wọ́n ti ṣanwọ́ nìyẹn. Òkèlè kan péré lé e, èébì ni.

Ṣùgbọ́n níbi ìnáwó, àwa ni a ń ni wọ́n lára: "Ẹ ò mà jẹun! Àbí ọbẹ̀ wa ò dùn ni?" Èmi náà jẹ̀bi. Mo rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi jẹ iyán tí wọ́n lọ bì ní ẹ̀yìnkùlé. Ojú tì mí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àlejò ṣíṣe dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí àlejò bá ní ó tó, ẹ jẹ́ kí ó tó.