Ilé Ọlọ́run Kì í Ṣe Gbọ̀ngàn Àsè

Bí a bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà lóde òní, iye èrò tí yóò gbà ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìkọ́lé máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Èyí kò tọ́. Ibi pẹpẹ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lórí rẹ̀ ni a ti ń rú ẹbọ Mísà. Ògiri, fèrèsé àti ìmọ́lẹ̀, ìránṣẹ́ pẹpẹ ni gbogbo wọn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ère gbígbẹ́ ilẹ̀ wa yóò mú òrìṣà wọ ilé Ọlọ́run. Ẹ̀rù asán ni. Ní ọdún 1947 ni Fadá Kevin Carroll bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà ìjọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Aréògún tí ó gbẹ́ ère Ẹpa, gbẹ́ ère fún Ìjọ níbẹ̀. Ní ọdún 1963, Àpérò Fátíkàánì Kejì fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ ọnà gbogbo ẹ̀yà ní àyè nínú Ìjọ, bí ó bá ti bọ̀wọ̀ fún ilé mímọ́.

Ẹ wo ilé ìsìn àwọn Dòmíníkà ní Ìbàdàn, tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀. Ní ọdún 2023, Fẹ́nísì ní Ítálì fi Kìnnìún Wúrà dá a lọ́lá fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ítálì ń yẹ́ ọmọ wa sí, àwa sì ń ra ère lókè òkun!

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, kí ẹ tó pe agbaṣẹ́ṣe, ẹ kọ́kọ́ pe agbẹ́gilére.